Oògùn Inú Wàrà

Ròdíyátù kò lè wí fún ọkọ rẹ̀ pé ẹnu rẹ̀ ń rùn. Ẹnu wo ni yóò fi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Àdìgún jẹ́ onísùúrù ènìyàn, òun ni bàbá Àrẹ̀mú, ọmọ kan ṣoṣo tí Ròdíyátù bí, kò sì jágbe mọ́ ọn rí. Alẹ́ tó dé láti Kútọnù, níbi tó ti lọ kó ohun èlò alùpùpù tó ń tà ní ọjà Asiyéyé, ni òórùn náà kọ́kọ́ gbá Ròdíyátù nímú. Ó fẹ́ dì mọ́ ọkọ rẹ̀, èébì gbé e. Ó yíjú sí ògiri.

"Kò burú," ni Àdìgún wí. "Máa sùn."

Láti ọjọ́ náà, ògiri ni Ròdíyátù ń kọjú sí, ọkàn rẹ̀ sì ń dá a lẹ́bi. Ọkọ tí kò bá a jà, tí kò tilẹ̀ bi í pé kí ló dé! Àrẹ̀mú ti ń lọ sí ilé ìwé, ó ń bèèrè àbúrò. Ibo ni àbúrò yóò gbà wá?

Ó lọ bá Nathalie, ọmọ Kétu tó ń ta oògùn ní fámasí kan ní Adidogomé.

"Ọmọ ìyá mi kan ni," ó ní. "Ẹnu rẹ̀ ló ń rùn."

Nathalie rẹ́rìn-ín. "Ọmọ ìyá rẹ, àbí ọmọ ìyá ọkọ rẹ?"

Ròdíyátù wo ilẹ̀. Nathalie gbé páálí kékeré kan sílẹ̀.

"Pọrobiọtíìkì nìyí. Kòkòrò ni, àmọ́ kòkòrò rere. Àwọn burúkú ló ń mú ẹnu rùn, àwọn wọ̀nyí á bá wọn du ibùjókòó. Ó lè ṣiṣẹ́, ó sì lè má ṣiṣẹ́. Kí ó lọ rí dókítà eyín náà o, d'accord?"

"Mo ti gbọ́."

Kò sọ fún Àdìgún. Ó ń da ìyẹ̀fun inú páálí náà sínú wàrà kíkan, ó ń gbé e fún un lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

"Fún inú ni o, Bàbá Àrẹ̀mú. Ẹ mu ún tán."

Àdìgún á mu ún tán. Kì í wo ojú rẹ̀. "Wàhálà rẹ pọ̀ lórí mi, Ìyá Àrẹ̀mú," á ní. "Mo dúpẹ́." Ọpẹ́ yìí ló máa ń dun Ròdíyátù jù.

Oògùn náà ń ṣe bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́. Ní ìdájí, tí wọ́n bá jí kírun, ẹnu Ròdíyátù gan-an ló máa ń rùn díẹ̀, ti Àdìgún á mọ́. Àmọ́ bó bá ti ọjà dé nírọ̀lẹ́, yéè! Ó ti padà. Ròdíyátù pààrọ̀ ọbẹ̀, ó ra búrọ́ọ̀ṣì tuntun. Pàbó.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, òjò kò jẹ́ kí Àdìgún jáde. Àrẹ̀mú ń sùn. Ẹnu Àdìgún kò rùn rárá. Inú Ròdíyátù dùn débi pé ó fẹ́ pariwo. Ó sún mọ́ ọn, ó gbé orí lé e láyà. Àdìgún gbá a mọ́ra. Lójijì ó dìde.

"Mo gbàgbé nǹkan kan sí ọjà."

"Nínú òjò yìí?"

"N kò ní pẹ́."

Nígbà tó dé, Ròdíyátù sáré pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Òórùn náà kọ lù ú bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ìkòkò ọbẹ̀ tó ti kan. Ó fẹ́ fara dà á, kò lè ṣe é. Ó yíjú. Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó sunkún, ó bẹ Ọlọ́run kí ó dárí ji òun, obìnrin tí kò lè gba èémí ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó po wàrà, ó bu ìyẹ̀fun náà ní ìlọ́po méjì, ó gbé e fún un.

Àdìgún mu ún tán, ó dúpẹ́, ìyókù ẹja rírùn tó máa ń rún lẹ́nu kí ó tó wọlé sì wà nínú ọ̀rá ní àpò rẹ̀, nítorí dókítà ti kìlọ̀ fún un kí ó tó kúrò ní Kútọnù pé kí ó má ṣe sún mọ́ ìyàwó rẹ̀ títí apá oògùn yóò fi ká àrùn tó kó lára obìnrin kan níbẹ̀, kò sì rí ẹnu sọ ọ́.