Ohun Tí Ààrò Kò Mú Rí

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní bí ìnáwó yàrá àyẹ̀wò kò bá dín kù kí oṣù mẹ́ta tó pé, àwọn olówó yóò ti ilẹ̀kùn, kóńkó jabele, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹnjiníà ló kọjú sí bó ṣe ń sọ ọ́, nítorí obìnrin náà ló ti ń bójú tó yàrá àyẹ̀wò láti ọdún mẹ́rin. Wọ́n lé olórí tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ torí pé ṣíìpù burúkú pọ̀ jù nígbà tiẹ̀.

Ṣíìpù ni wọ́n ń ṣe, àwọn nǹkan dúdú pẹlẹbẹ tí kò tó èékánná ọmọdé, tí ẹ̀rọ fi ń ronú. Inú ẹ̀rọ tó ń bá ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé mí ní ọsibítù ni tiwọn ń lọ. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò: lẹ́ẹ̀kan bó ṣe wà, lẹ́ẹ̀kan nínú àpótí gbígbóná ńlá kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní Ààrò, kí ooru lè tú àléébù tó fara pamọ́ síta. Ààrò ló ń jẹ iná jù nínú ọgbà náà, ó sì ń jẹ àsìkò mọ́ ọn.

Ìyá Jẹ́jẹ́ ló ń fi ọwọ́ to ṣíìpù sórí tíréè kí wọ́n tó wọlé àyẹ̀wò. Ẹ̀gbọ́n ìyá Ẹnjiníà ni. Òun ló tọ́ ọ dàgbà, owó oṣù tó ń gbà nídìí tíréè yẹn ló sì fi rán an níléèwé. Kì í kánjú, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Á mú ṣíìpù kan, á fi èékánná àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ yípo, kó tó gbé e kalẹ̀.

"Ìyá Jẹ́jẹ́, ṣé ẹ ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni?" làwọn ọ̀dọ́ máa ń bi í.

"Mò ń bi wọ́n bóyá wọ́n jí're ni."

Àgbà ti ń dé. Kò sí ọjọ́ tí méjì tàbí mẹ́ta kì í já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó bá ti kan ilẹ̀ kò ṣe é lò mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń kọ iye wọn sínú ìwé. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Ta ló fẹ́ bá ìyá Ẹnjiníà wí?

Ẹnjiníà gbé ìwé ọdún mẹ́rin kalẹ̀, ó kà á títí ojú fi ń ta á. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ń mú ṣíìpù burúkú dáadáa. Ààrò kò mú ẹyọ kan. Ó gbà pé títún tí òun tún iṣẹ́ ṣe ló fà á, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀.

"Ọdẹ tí kò pa eku rí," ni ọ̀gá wí. "Kí la tún ń bọ́ ọ fún?"

Síbẹ̀, ẹ̀rù ń ba Ẹnjiníà. Ọmọ tí kò lè dá mí kò lè fẹjọ́ sùn. Ó gba ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ó dúró ti Ààrò fúnra rẹ̀, ó sì kó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ṣíìpù gba inú rẹ̀ kọjá láti orí tíréè Ìyá Jẹ́jẹ́. Gbogbo wọn ló yè.

Ó wá kọ̀wé. Kí wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ṣíìpù, tó ń yẹ mẹ́rìndínlógún wò lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì pa Ààrò. Ó ka iná tí wọn kò ní sun mọ́, ó ka àsìkò. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo nígbà tó dé ìlà tó gbẹ̀yìn: àwọn tó ń já bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́.

"Ẹ má bínú, Màmá," ló sọ fún Ìyá Jẹ́jẹ́. "Ẹ̀rọ ló máa máa tò ó báyìí."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Orúkọ rẹ ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Ó tó kí n sinmi."

Ẹnjiníà kò mẹ́nu ba Ààrò. Ó bá a palẹ̀ ìdí tíréè mọ́, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀rọ tuntun dé, ìnáwó sì fi ju ìdajì lọ dín kù. Ọ̀gá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Ẹnì kankan kò pàdánù iṣẹ́, àfi arúgbó kan tó ti rẹ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, lóṣù kẹta lẹ́yìn tí ẹ̀rọ náà dé, Ẹnjiníà lọ kí Màmá. Ìyá náà jókòó lójú fèrèsé, ó ń fi okùn sínú abẹ́rẹ́ láti fi rán bọ́tìnnì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló tì í tó wọlé.

"Ṣé ọwọ́ yín ò gbọ̀n mọ́ ni?" Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín.

"Ìgbà wo ló gbọ̀n? Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Ó ń lọ dáadáa, Màmá. Ọ̀kẹ́ márùn-ún la ti kó jáde, wọ́n ti tò wọ́n sínú ẹ̀rọ ní ọsibítù. A tiẹ̀ ti ta Ààrò. Kò kúkú mú nǹkan kan rí."

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ Màmá.

"Kí ló fẹ́ mú?" ló wí, "nígbà tó jẹ́ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi ọ́ ṣe olórí ni mo ti ń yọ gbogbo èyí tó bá sán létí, tí ooru máa là, tí mò ń kọ ọ́ pé ó já bọ́ lọ́wọ́ mi, kí wọ́n má baà lé ìwọ náà?"