Iyọ̀ tí Ewúrẹ́ Gbé fún Ìgbín

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ gbọ́ àlọ́ mi. Orí Ewúrẹ́ àti Ìgbín ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló bà lé.

Ní ọjọ́ kan, Ewúrẹ́ rí òkúta iyọ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó lá a, ó dùn mọ́ ọn, ó sì gbé e lọ fún Ìgbín.

Ìgbín fà sẹ́yìn. "Ọ̀rẹ́ mi, iyọ̀ máa ń pa wá."

"Irọ́ ni! Ahọ́n ara mi ni mo fi tọ́ ọ wò."

Kí Ewúrẹ́ má baà bínú, Ìgbín fẹnu kan iyọ̀ náà. Ni ara rẹ̀ bá ń hó, ó ń kọrin:

Ewúrẹ́, bu omi wá o!
— Tẹ̀rẹ̀nà
Ara mi ń yọ́ lọ o!
— Tẹ̀rẹ̀nà

Ewúrẹ́ sáré lọ sódò, ó ń fẹnu gbé omi wá, ó ń dà á sí i lára títí híhó náà fi dáwọ́ dúró.

"Ṣé mo purọ́ ni, pé iyọ̀ dùn?" Ẹkún ló fi béèrè.

"Rárá. Ó dùn lẹ́nu rẹ, ó sì ń pa mí, òótọ́ ni méjèèjì. Ohun tí mo mọ̀ nípa ara mi lo pè ní irọ́."

Láti ọjọ́ náà, kí ó tó gbé nǹkan fún Ìgbín, Ewúrẹ́ a kọ́kọ́ béèrè pé, "Báwo ló ṣe ń rí lára tìrẹ?" Ìgbín kì í tètè dáhùn, ṣùgbọ́n Ewúrẹ́ a dúró gbọ́ ọ.