Ìwúwo Màámi

Gbogbo èrò ọkọ̀ ló máa ń sọ̀kalẹ̀ nídìí Òkè Màpó báyìí. Mọ́tò wa ń mu epo, ó sì ń lo iná, ṣùgbọ́n bó bá ti wọ ìlú, òfin á ti ẹ́ńjìnnì epo pa. Ibi tí bátìrì bá gbé ọ dé lo dé.

Lánàá tí òjò rọ̀, tèmi gun òkè náà láìkùn. Lónìí tí mò ń gbé Màámi lọ sílé ìwòsàn, ó dúró gbagidi.

"Oòrùn mú, ẹ tan amúlétutù, ẹ sáré, ẹrù yín sì wúwo," ni ohùn inú rẹ̀ wí. "Iná tó kù kò lè gbé yín gun òkè."

Mo pa amúlétutù. Mo kó iṣu tí Màámi dì fún dókítà sílẹ̀ lẹ́bàá títì. Ó ní òun ò lè lọ bá èèyàn lọ́wọ́ òfo.

"Ó ṣì wúwo. Kí èrò sọ̀kalẹ̀. Awakọ̀ ò gbọdọ̀ kúrò nídìí ọkọ̀."

Màámi nìkan ni èrò.

"Àkànjí, ṣílẹ̀kùn."

"Ẹ jókòó, Màámi. Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín náà la ń gbé lọ tọ́jú."

"Ká jókòó síbí títí ilẹ̀ á fi ṣú?" Ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó ń rọra gun òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi. "Nígbà tí ibà dá ọ dùbúlẹ̀ ní kékeré, mo pọ̀n ọ́ gun òkè yìí lọ gba abẹ́rẹ́. Ta ló bi mí bóo ṣe wúwo tó?"

Mo rọra ń wa mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, iná ti tó báyìí," ni mọ́tò wí, ó sì tan amúlétutù padà fún èmi nìkan.