Àwòrán Kẹrìnlá

Àwòrán ẹyinjú kẹrìnlá ló wà lójú kọ̀ǹpútà báyìí.

Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ìwádìí tẹjú mọ́ ọn, wọ́n pòṣé.

"Awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ti ń kú láti ẹ̀gbẹ́ wá, onítọ̀hún ò sì mọ̀. Kò yẹ kó wa mọ́tò mọ́."

"Ṣé ká wá a kàn, sà?"

"Ṣé orí ẹ pé? Nọ́ńbà la mọ̀, a ò mọ orúkọ. Ẹni tó bá lọ bá olójú sọ ọ́, kó máa lọ sílé ẹ̀."

Wọ́n dìde, wọ́n kọlu àga lápá òsì. "Ta ló gbé èyí síbí?"

Ọdún mẹ́ta ni àga yẹn ti wà níbẹ̀.

"Òjò ti ṣú. Wá, màá gbé ẹ délé."

Mo wọ mọ́tò, mo de bẹ́líìtì.

Lóṣù tó kọjá, a ń wá ojú tó dá ṣáṣá tá a máa fi wé tàwọn aláìsàn. Ọ̀gá gbé àgbọ̀n wọn lé ẹ̀rọ tó ń ya ẹyinjú, wọ́n ní, "Ya tèmi jàre."

Èmi ni mo kọ nọ́ńbà sí i. Mẹ́rìnlá.

A dé oríta. Ọ̀gá ò tiẹ̀ yíjú.

"Kò sẹ́ni tó ń bọ̀," ni wọ́n wí, wọ́n tẹná.

Tírélà ń bọ̀ lápá òsì.