Fọ́ọ̀mù Qudirat

Ìpàdé ti fẹ́ parí nígbà tí obìnrin agbálẹ̀ kan na fọ́ọ̀mù kan sí akọ̀wé kọ́lẹ́ẹ̀jì. Irú fọ́ọ̀mù yẹn ni wọ́n pín lóṣù tó kọjá fún olùkọ́, òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, kí kálukú kọ ohun tó fẹ́ kí kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ní Ọ̀wọ̀ dà lọ́dún mẹ́wàá sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kà á. Mi ò mọ̀wé."

Akọ̀wé rí orúkọ tó wà lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì fà ro. Qudirat ni, akẹ́kọ̀ọ́ tó kú nínú ìjàǹbá ọ̀kadà lójú ọ̀nà Afo lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.

"Ó ní kí wọ́n kọ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì fáwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá."

Agbálẹ̀ náà sún mọ́ ọn.

"Ṣé ó tán, sà?"

"Ó ku ìlà kan. 'Ìyá tó ń gbá kíláàsì wa, orúnkún ń dùn ún. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kó máa gun àtẹ̀gùn mọ́.'" Akọ̀wé gbójú sókè. "Ọ̀rọ̀ yín ló ń sọ, Màmá. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa ni?"

Agbálẹ̀ gba fọ́ọ̀mù náà padà, ó gbé e lé àyà.

"Èmi ni mo bí i, sà. Inú báàgì rẹ̀ ni mo ti rí fọ́ọ̀mù yìí. Èmi náà ni mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni ìyá rẹ̀, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti fi ń gbá kíláàsì ọmọ rẹ̀, tí ẹnì kankan ò kí i kú ìrọ́jú.