Orúkọ Kejì Lójú Kọ̀ǹpútà

Ó ti rẹ̀ mí. Láti ọ̀sán ni mo ti ń bá kọ̀ǹpútà olóògbé ọkọ Ìyá Mosún fà á. Ètò ìṣiṣẹ́ méjì, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, ló wà lórí rẹ̀. Obìnrin náà ní kí n yọ èyí tí ọkọ òun ń lò. Mo yọ ọ́, síbẹ̀ bí mo bá ti tan ẹ̀rọ, orúkọ ètò méjèèjì ló ń jáde lójú rẹ̀ pé kí n mú ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pa ìkejì, ti olóògbé, rẹ́.

Ilẹ̀ ṣú. Mo fa kíbọọ̀dù yọ, mo káwọ́ lérí. Ìmọ́lẹ̀ tó wà lórí orúkọ àkọ́kọ́ rọra sọ̀kalẹ̀ sórí ìkejì. Ètò olóògbé ṣí.

Ìyá Mosún gbé omi wọlé. Ó kúnlẹ̀ síwájú àga òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Mosún. Ṣé kò tíì rẹ̀ yín ni?"