Ilẹ̀kùn Ní Ara Rẹ̀ Yá

Láàárọ̀, Fọlásayọ̀ mí sí ẹ̀rọ ara ilẹ̀kùn tó ń yẹ àìsàn wò, bí gbogbo ìlú ti ń ṣe kí wọ́n tó jáde. Iná pupa tàn, pé ara rẹ̀ ò yá. Ara rẹ̀ le koko, síbẹ̀ òfin ti sé e mọ́lé fún ọjọ́ méje nìyẹn.

Akínbọ̀dé ọkọ rẹ̀, tó ti ń wúkọ́ láti àná, tí ara rẹ̀ ń gbóná, mí tirẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí.

“Bàbá Ìbùkún, ẹ má lọ. Ọmọ kéékèèké lẹ ń kọ́.”

“Tí mi ò bá lọ, wọ́n á ní mo sá níṣẹ́. Ilẹ̀kùn ti ní ara mi yá.”

Fọlásayọ̀ ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, níbi tí àwọn ọmọ tó ń mú lọ sílé ìwé ti ń dúró dè é.